Oṣù Ọgbọ̀n: Ìṣirò Tí Ó Yẹ Kí Àwọn Ọ̀dọ́langba Wa Ṣe Kí Wọ́n Tó Di Òbí



  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sórí mínbárì lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọn kò tíì pé ogún ọdún ni. A ti sọ fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà pé èèwọ̀ ni àgbèrè, a sì ti ṣàlàyé ìyà rẹ̀ ní ọ̀run. Èyí dára, a kò sì ní dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ náà wà tí ẹnu wa kì í sábà dé, èyí ni iye tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bí i. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún lè ka Súrátù Yásín láti orí láìwo ìwé, kí ó má mọ iye ọṣẹ tí abiyamọ ń lò lọ́sẹ̀ kan. Ọmọbìnrin lè mọ gbogbo ohun tí ń ba àlùwàlá jẹ́, kí ó má mọ iye ìgbà tí aláboyún gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. A ti dẹ́rù bà wọ́n tó. Ìṣirò ni ó kù tí a kò tíì kọ́ wọn.

Nínú Súrátù Ahkáfù, ẹsẹ 15, Ọlọ́hun ka oyún ọmọ àti jíjá a lẹ́nu ọmú papọ̀, ó sì pe àpapọ̀ wọn ní ọgbọ̀n oṣù. Nínú Súrátù Bakara, ẹsẹ 233, ó fi yé wa pé ọdún méjì ni fífún ọmọ lọ́mú fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní àṣepé. Àwọn onímọ̀ ìṣáájú, Ali ọmọ Abu Talib ni a sì sábà máa ń dárúkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, yọ oṣù mẹ́rìnlélógún kúrò nínú ọgbọ̀n, ó ku mẹ́fà. Wọ́n sì fi èyí gbé ìdájọ́ kalẹ̀ pé oyún lè jẹ́ oṣù mẹ́fà péré kí a tó bí ọmọ rẹ̀. Orí ọ̀ràn obìnrin kan tí ó bímọ ní oṣù kẹfà ìgbéyàwó rẹ̀ ni ìṣirò yẹn ti wáyé. Ẹni tí ó bá rò pé kíka oṣù àti kíka owó ọmọ kò yẹ ní orí mínbárì, kí ó rántí pé inú Alùkùránì ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà a mú oṣù ọgbọ̀n yìí ní òṣùwọ̀n. Ọmọ kì í kúrò nílé lẹ́yìn tí a bá já a lẹ́nu ọmú, ìgbà náà ni owó ilé ìwé ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mú èyí tí ó kéré jù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni a ń sọ. Ìwádìí lórí ìlera àti iye ènìyàn tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 19, 19 ni ó ti bímọ tàbí tí ó lóyún lọ́wọ́. Ní àwọn ìlú ńlá, iye náà jẹ́ 8. Ní ìgbèríko, ó jẹ́ 27. Àwa tí a wà láti Òsí dé Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá, àti àwọn abúlé tí ó wà láàrin wọn, ẹ̀gbẹ́ èwo ni a wà nínú méjèèjì?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2016 ni pé kí aláboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ní ìgbà mẹ́jọ ó kéré tán kí ó tó bímọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní abúlé, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní ìlú, yóò gun ọ̀kadà ní ìgbà mẹ́rìndínlógún, àlọ àti àbọ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ ń gba ti ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ti ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ti oṣù kẹsàn-án, àti ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn ìjọba, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà kì í gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá yọ ti ọjọ́ ìbí kúrò, àlọ àti àbọ̀ márùn-ún tí ó kù jẹ́ mẹ́wàá. Mẹ́rìndínlógún àti mẹ́wàá jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ béèrè iye tí ọ̀kadà ń gbà láti ilé yín dé ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kí ibà tó ṣe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ní ìwé tirẹ̀ tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ lé aláboyún lọ́wọ́: òwú, ìbọ̀wọ́, omi apakòkòrò, rọ́bà ìtẹ́sábẹ́, aṣọ ọmọ, oògùn. Bí ìbímọ bá rọrùn, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ìyá tí kò tíì pé ogún ọdún wà nínú ewu gìrì aláboyún àti àrùn inú ilé ọmọ ju àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ. Ọmọbìnrin tí egungun ìbàdí rẹ̀ kò tíì gbó lè rọbí títí kí ọmọ má kọjá, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún iṣẹ́ abẹ. Owó tí ẹnikẹ́ni kò fi sínú ìṣirò nìyẹn, òru sì ni wọ́n sábà máa ń béèrè rẹ̀.

Lórí ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Súnnà ni àkíkà ní ọjọ́ keje, èyí tí àwa Yorùbá ń kà sí ọjọ́ kẹjọ, fún ẹni tí ó bá ní agbára rẹ̀. Àga yíyá, ìbòòrùn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti aṣọ ẹbí kò sí nínú súnnà náà. A ti jẹ ẹran ní ibi ìsọmọlórúkọ kan tí ó jẹ́ pé kí oṣù náà tó parí, ìyá ọmọ ń yá owó ògì.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọyàn nìkan ni ó tọ́ sí ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, àwọn kan sì máa ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ ni wàrà ọyàn lójú ẹni tí kì í ra oúnjẹ fún abiyamọ. Ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú ń jẹ fún ara rẹ̀, ó sì ń jẹ fún ẹni tí ó gbé sẹ́yìn. Láti oṣù keje, ògì dé, ẹ̀wà dé, ẹja àti ẹyin dé. Bí ìyá bá sì fẹ́ padà sí ilé ìwé tàbí sí ibi iṣẹ́ tí ó ń kọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Ìledìí tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọmọ bá lo mẹ́fà péré lójúmọ́, yóò lo 180 lóṣù. Fún ọdún méjì, ó di 4,320. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ka iye tí ó wà nínú ọ̀rá kan, kí wọ́n sì fi pín 4,320. Àwọn ìyá wa lo aṣọ, èyí sì dín ìnáwó kù púpọ̀, àwa gan-an aṣọ ni wọ́n fi tọ́ wa. Ṣùgbọ́n aṣọ ń fẹ́ ọṣẹ, ọṣẹ ń fẹ́ omi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi náà sì ń di rírà.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò kọ iye owó ọjà kankan síhìn-ín. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, iye tí a bá tẹ̀ sínú ìwé kì í pẹ́ di irọ́. Ọjà ni kí àwọn ọmọ lọ béèrè.

Owó tí ń wọlé ni a lè kọ, nítorí òfin ni ó gbé e kalẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti oṣù keje 2024. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ₦2,333 ni lójúmọ́. Bí a bá pín èyí fún bàbá, ìyá àti ọmọ, ₦777 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti inú rẹ̀ ni oúnjẹ, owó ilé, ọṣẹ, oògùn, owó ọkọ̀ àti owó fóònù yóò ti jáde. Bí a bá kó gbogbo owó oṣù ọgbọ̀n jọ, kí a má ná kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀, ó jẹ́ ₦2,100,000. Létí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, owó ńlá ni èyí, àfi ìgbà tí ó bá fi ohun tí a kà lókè yìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwa sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ́langba ń gba ₦70,000. Òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Èwo nínú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì àdúgbò wa ni ó ní òṣìṣẹ́ 25? Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ kì í gba owó oṣù. Bàbá rẹ̀ ni ń san owó fún ọ̀gá rẹ̀, títí di ọjọ́ tí yóò gba fúrídọ́ọ̀mù.

Ní ibi yìí ni ẹnìkan yóò ti wí pé, "Aáfáà, Ọlọ́hun ni ó ń bọ́ ọmọ." Òótọ́ ni. Nínú Súrátù Isirá'i, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì, ó sì gba ìpèsè wọn àti ìpèsè tiwa sí ọwọ́ ara Rẹ̀. Ẹni tí oyún ti wà nínú rẹ̀, ẹsẹ yìí ni ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tì í sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi egbòogi ṣẹ́yún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì wọ inú rẹ̀, ẹsẹ tirẹ̀ wà nínú Súrátù Nūr, ẹsẹ 33. Níbẹ̀ ni a ti pàṣẹ fún àwọn tí kò ní ohun tí wọn yóò fi gbéyàwó pé kí wọ́n pa ara wọn mọ́ títí Ọlọ́hun yóò fi rọ̀ wọ́n lọ́rọ̀ nínú ọlà Rẹ̀. Alùkùránì kan náà ni. A kò lè gba èkíní kí á fi èkejì sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso, kí òun gbára lé Ọlọ́hun, ìdáhùn tí ó gbà, gẹ́gẹ́ bí Tirmidhi ṣe gbà á wá, ni pé kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun.

Ta ni yóò san gbogbo owó yìí? Ẹ tẹ́tí sí ibí yìí dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ẹkún tí a ń gbọ́ ní gbàgede mọ́sáláásí, ibí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹsẹ 233 tí a mẹ́nu bà ní ìṣáájú, ọrùn bàbá ni Ọlọ́hun gbé oúnjẹ àti aṣọ abiyamọ kọ́, ní ìwọ̀n tí ó dára. Súrátù Talāq, ẹsẹ 7, tún fi kún un pé kí ọlọ́rọ̀ ná nínú ọrọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lọ déédéé ná nínú èyí tí Ọlọ́hun fún un. Ẹ rí i pé a kò yọ tálákà sílẹ̀. Nígbà tí Hind, aya Abu Sufyan, wá fẹjọ́ sun Ànábì pé ọkọ òun háwọ́, Ànábì yọ̀ǹda fún un láti mú èyí tí ó tó òun àti ọmọ rẹ̀ nínú owó ọkọ náà láìjẹ́ kí ó mọ̀, ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Abu Dawud sì gba hádíìsì kan wá tí ó fi yé wa pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó ènìyàn láti pa á run ni kí ó pa àwọn tí oúnjẹ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì.

Ṣùgbọ́n orí yìgì ni gbogbo ẹ̀tọ́ wọ̀nyí dúró lé, a kò sì gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọbìnrin wa. Ní ojú ọ̀nà Mòlíkì tí a ń tọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ọmọ àgbèrè kò so mọ́ ọkùnrin náà, ìyá rẹ̀ ni ó so mọ́. Kò ní ogún nínú dúkìá ọkùnrin yẹn, ìyá kò sì ní ẹ̀tọ́ ìyàwó. Ìwọ ọmọbìnrin, ẹni tí ó ṣèlérí fún ọ lórí fóònù ní òru pé òun yóò dúró tì ọ́, bí ó bá di ọjọ́ kejì tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, ohun tí o ní lọ́wọ́ kéré jọjọ. Ìyá rẹ ni yóò ta iṣu tí ó kù nínú abà, ìyá rẹ náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọmọ ní ọdún tí ó yẹ kí ó sinmi. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìyá àgbà ni ó ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó oṣù ọgbọ̀n.

Kí ọmọkùnrin má ṣe sá sẹ́yìn ohun tí a sọ tán yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Kwara náà sì ti ṣe irú rẹ̀, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ ní ìwọ̀n agbára wọn, kò sì béèrè bóyá yìgì wà. Ẹni tí ó bá sì sọ pé òun ti ronú pìwà dà, nínú ìrònúpìwàdà ni kí ènìyàn ṣe àtúnṣe ìpalára tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ọmọ tí ebi ń pa kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìwé Mòlíkì àti ìwé ìjọba.

Àwọn òbí mìíràn wà tí ojútùú tiwọn ni kí wọ́n sáré so àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀ kí ikùn tó yọ. Yìgì ń sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ ẹgbẹ̀rún kan di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Òfin 2003 yẹn fi ọdún méjìdínlógún ṣe ààlà ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá sì ní òfin ìjọba kọ́ ni òun ń tẹ̀lé, kí ó wo Súrátù Nisā'i, ẹsẹ 6. Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á máa dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó, bí a bá sì wá rí òye lára wọn, nígbà náà ni kí á kó dúkìá wọn lé wọn lọ́wọ́. Ohun méjì ni ó wà níbẹ̀: ara tí ó tó, àti òye tí a fojú rí. Bí a kò bá gbọdọ̀ fi owó ọmọ òrukàn lé e lọ́wọ́ títí a ó fi rí òye lára rẹ̀, báwo ni a ṣe ń fi odindi ènìyàn lé ọmọ tí kò lè ṣọ́ owó àjọ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́? Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Mas'ud, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní agbára ni Ànábì pè sí ìgbéyàwó. Àwọn onímọ̀ sì ka owó ìgbọ́bùkátà mọ́ agbára náà. Ààwẹ̀ ni ó júwe fún àwọn tí kò ní in.

Àwọn àgbà wa mọ èyí kí ilé ìwé tó dé. Gbogbo ayé ni ó mọ Òsí nítorí iṣẹ́ Àreògún àti ọmọ rẹ̀ Bándélé, wọ́n sì mọ Odò-Ọwá nítorí Bámigbóyè. A kò wá sọ̀rọ̀ ère gbígbẹ́ nínú mọ́sáláásí, sùúrù ìkọ́ṣẹ́ ni a ń tọ́ka sí. Ọmọ a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó dá dúró, ẹni tí oko rẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè bọ́ òun nìkan, kò sí ẹni tí yóò fi ọmọ fún un.

Báwo ni kí á ṣe kọ́ wọn? Ẹ̀yìn ìwé yìí ṣófo, a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Kí bàbá tàbí ìyá jókòó pẹ̀lú ọmọ tí ó ti pé ọdún mẹ́tàlá, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n fa ìlà ọgbọ̀n síbẹ̀, ìlà kan fún oṣù kan. Ní ọjọ́ ọjà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ béèrè iye ọṣẹ, ògì, ẹ̀wà, ìledìí, oògùn ibà ọmọdé, kí ó sì kọ wọ́n sí oṣù tí ó kàn wọ́n. Kí ó wá kọ iye tí ń wọlé fún òun lóṣù sí apá kejì. Ẹ má bá a ṣe é, ẹ má sì bú u bí ó bá ṣì í. Ìyá tí ó bá lè sọ iye tí òun ná lórí ọmọ yìí gan-an nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́, kí ó sọ ọ́ láìfi ṣe ìrègún.

Ohun kejì ni àjọ. Kí ọmọ máa dá ₦200 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ tí ẹ mọ̀, fún oṣù ọgbọ̀n. Yóò jẹ́ ₦180,000 ní ìparí. Ọ̀pọ̀ kò ní lè ṣe é dé oṣù kẹta, ẹ̀kọ́ ni ìyẹn náà, nítorí ọmọ kì í dúró de oṣù tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ bá dẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe é dé òpin ní owó irinṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ ilé kéwú wa yóò gba àwọn ìwé oníìlà ọgbọ̀n náà ní ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àwọn ọmọ, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọkùnrin lọ́tọ̀.

Ó ku àwọn tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ má lé ọmọ yín jáde. Ẹ mú un lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ má dúró de ìgbà tí ìtìjú bá tán. Kí ìdílé méjèèjì jókòó níwájú àwọn àgbà, kí wọ́n kọ iye tí ìdílé ọkùnrin yóò máa mú wá sílẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò máa dé lóṣooṣù, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin náà, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò padà síbẹ̀ àti ẹni tí yóò máa gbé ọmọ nígbà náà. Ọmọkùnrin náà kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ tí ó ń kọ́ sílẹ̀ lọ máa gun ọ̀kadà nítorí owó ojúmọ́, àfi bí àwọn àgbà bá jókòó tí wọ́n sì rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò bá a pe ìjókòó náà, kí ó wá bá wa lẹ́yìn ìrun Áṣárì, ọjọ́ yòówù kí ó jẹ́.